Ògiri ìsédò wa ń yọ omi: ẹ bá wa dá sí i kí òjò tó dé

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀ (Ìkólé)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Èkìtì Kete. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà níbí.

Ẹ̀bá Ìkólé ni èmi, àbúrò mi àti àwọn aládùúgbò wa méjì ti ń dáko ìrẹsì lákùrọ̀, a sì ní adágún ẹja méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sórí àwọn òkè àpáta, kì í pé wákàtí méjì tí omi fi ń dé ọ̀dọ̀ wa, á sì pọ́n bí epo. Ìdí nìyí tí a fi mọ ògiri ilẹ̀ sí etí odò náà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó gùn tó mítà 60, ó ga dé àyà mi, ìyẹn bíi mítà kan ààbọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, omi já a. Ibi tó gbà já gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: ibi tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni. A ti pe bíríkìlà kan ṣáájú ìgbà yẹn, ó ní ká ra àpò sìmẹ́ǹtì 14, ó sì fi rẹ́ ojú ògiri tó kọ sí odò. Ó dán, ó wù wá. Nígbà tí omi fà tán, mo lọ wò ó. Sìmẹ́ǹtì náà ṣì dúró bí èèpo ẹyin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo. Mo ti ọwọ́ bọ ibi tó sán, ó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, ilẹ̀ tí mo bá níbẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìrẹsì éékà méjì bá omi lọ. Ẹja tí a fẹ́ tà nígbà Kérésì náà lọ.

A ti dí ibi tó já náà padà, mítà 12, ilẹ̀ etí odò àti àpò yanrìn la fi dí i. Ní báyìí tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí ẹ̀kán òjò kan kò tíì bọ́, omi tún ń ṣẹ́ jáde lẹ́sẹ̀ ògiri náà níhà oko. Ṣé ká tún ra sìmẹ́ǹtì ni? Àbí láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta ẹfun ṣe? Ẹnìkan ní ká gbin ọparun. Owó ọwọ́ wa kò pọ̀, a kò sì fẹ́ kó o dà sómi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́.

Bíríkìlà Adó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Ọdún 24 ni mo ti ń fi sìmẹ́ǹtì jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ti ẹnu mi jáde: rírẹ́ kì í gba ògiri ilẹ̀ là. Ilẹ̀ máa ń wú nígbà òjò, ó máa ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ara rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí a mọ ọ́n. Sìmẹ́ǹtì tí a rẹ́ kò lè bá a ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, yóò sán ni. Bó bá ti sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á máa jẹ ẹ́ nínú, ẹ̀yin á sì máa wo ojú rẹ̀ tó ń dán.

Sìmẹ́ǹtì tó ń ṣiṣẹ́ lára ògiri ilẹ̀ ni èyí tí a po mọ́ ilẹ̀ náà gan-an, tí a sì gún mọ́lẹ̀.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ dá mi lóhùn ohun kan. Omi tó ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ògiri yẹn, ṣé ó mọ́ ni àbí ó ń gbé ilẹ̀ jáde? Ẹ bu ú sínú ife tó mọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wò ó.

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀ (Ìkólé)

Mo bu ú lánàá. Nígbà tí mo bu ú, ó mọ́ lójú. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, erùpẹ̀ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti sùn sí ìdí ife, ó nípọn bí èékánná.

Ayẹlẹ̀wò

Ẹ̀gbọ́n, erùpẹ̀ ìdí ife yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́. Kò sí ògiri ilẹ̀ tí omi kì í rìn nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi náà bá sì mọ́, kò sí ewu nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbé ilẹ̀ jáde, ihò ló ń gbẹ́, láti ẹsẹ̀ ògiri lọ sínú, títí tí ihò náà yóò fi kan omi lódìkejì. Ní Idaho ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ ìsédò ilẹ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Teton, ó ga ju mítà 90 lọ. Wọ́n ṣì ń kún un lẹ́ẹ̀kíní ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1976, wọ́n rí omi ẹlẹ́rẹ̀ tó ń ṣẹ́ lára rẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán kò tíì lù tí ìsédò náà fi ya. Ènìyàn 11 ló kú. Tiyín kò ju àyà ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni omi ń gbà bà á jẹ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí nìyí, ẹ má dúró de ọ̀la: ẹ má dí ojú ibi tí omi ti ń jáde. Mo mọ̀ pé ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn nìyẹn. Bí ẹ bá dí i, omi á wá ibòmíràn gbà, ẹ kò sì ní mọ ibẹ̀. Ẹ da yanrìn tó mọ́ lé e lórí, yanrìn oníhóró ńlá tí wọ́n ń fi mọ búlọ́ọ̀kù, kó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì fẹ̀ kọjá ibi tó tutù yẹn. Ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé yanrìn lórí kó má bàa wọ́ lọ. Yanrìn á jẹ́ kí omi jáde, á sì dá ilẹ̀ dúró.

Ẹ ó ní ṣíṣe lẹ́yìn èyí, nítorí ibi tí ẹ dí yẹn kò tọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ ọ̀nà wò. Ilẹ̀ wa ní Èkìtì, ara àpáta líle ló ti jẹrà wá. Lókè, ilẹ̀ pupa ni, yangí wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀, ẹ ó kan amọ̀ tó ní funfun àti pupa lára. Ilẹ̀ etí odò tún yàtọ̀: ó dúdú, ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jókòó sílé kó sọ fún yín bóyá sìmẹ́ǹtì ni àbí láìmù, láìmọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Ẹ kò sì nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá ìgò tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á kọ́kọ́ sùn, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Erùpẹ̀ kúnná á tẹ̀lé e. Amọ̀ ló máa ń sùn kẹ́yìn, òun ló máa wà lókè. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, sìmẹ́ǹtì ló bá a mu. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, láìmù ni.

Èkejì: ẹ mú ìṣù ilẹ̀ kékeré tó tó hóró ẹ̀wà, ẹ rọra gbé e sínú ife omi òjò. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá dúró, tàbí tó kàn tú sílẹ̀ tí omi sì mọ́, ẹ lè lò ó. Bí omi tó yí i ká bá ń ṣú bíi wàrà, ilẹ̀ yẹn máa ń yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi mọ ògiri bẹ́ẹ̀ láìpo nǹkan mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni ti omi inú ilẹ̀, òun ni mo kà sí jù. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ fún un pọ̀ di ìṣù róbótó bí òkòtó, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi àyà yín sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́n ká bíi gàrí, ó gbẹ jù. Bó bá tẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹ̀bà, ó tutù jù. Bó bá fọ́ sí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ gún un nísinsìnyí. Ralph Proctor, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ jáde ní 1933 pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n omi tí a fi gbọ́dọ̀ gún un kó tó lè kì dé ojú ibi tó lè kì dé. Àwọn ìyá wa tó ń wọ́n omi sí ilẹ̀ ilé kí wọ́n tó lù ú fi ọwọ́ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí a gún dáadáa láìní sìmẹ́ǹtì sàn ju ilẹ̀ oní-sìmẹ́ǹtì tí a kàn dà jọ lọ. Mo ti rí i lójú iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Onírẹsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìgbẹ́mọ ni mo wà. Èèpo ìrẹsì wà nídìí ẹ̀rọ wa níbí bí òkè, a kàn ń jó o dànù ni. Mo gbọ́ pé eérú rẹ̀ ṣe é pò mọ́ ilẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí Àgbẹ̀ Àkùrọ̀ wá kó o, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Ayẹlẹ̀wò

Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á bùkún yín. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ní bó ṣe jẹ́. Sílíkà, irú ohun tó wà nínú yanrìn, ló pọ̀ jù nínú eérú èèpo ìrẹsì. Òun nìkan kò lè di ilẹ̀ mú. Láìmù ló gbọ́dọ̀ bá a pàdé nínú omi kí àwọn méjèèjì tó lè di líle, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ń tú láìmù sílẹ̀ bó ṣe ń gan, ìdí nìyẹn tí eérú náà fi lè rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọ̀ ni kí ẹ wò. Eérú tó dúdú ṣì ní èédú nínú, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ti funfun tàbí tó jọ àwọ̀ àdàbà ni kí ẹ kó, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Kí iná tí a fi jó o má sì le jù, torí bí iná bá le jù, sílíkà inú rẹ̀ á yí padà, kò ní fẹ́ bá láìmù ṣe mọ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀rọ̀ ọparun tí ẹnìkan dá yín nímọ̀ràn yẹn, kí ló burú níbẹ̀? Bàbá mi gbin ọparun sí etí odò wa, ó ti lé lógún ọdún, etí odò náà kò yẹ̀ rí.

Olùkọ́ni Àgbẹ̀

Ẹ bá mi kí bàbá o. Kò burú létí odò, nítorí pé ilẹ̀ tí Ọlọ́run tẹ́ síbẹ̀ nìyẹn, ó fẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ògiri tí a fọwọ́ mọ kò fẹ̀ ju mítà bíi mélòó kan lọ. Gbòǹgbò igi ńlá á gba inú rẹ̀ já sódìkejì. Lọ́jọ́ tí igi bá kú, gbòǹgbò á jẹrà, ibi tó wà á sì di páìpù tí omi ń gbà. Bí ìjì bá sì wó igi náà, á hú apá kan ògiri dání. Máńgòrò, ọparun, kasíà, kí gbogbo wọn jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri.

Koríko vetiver ni kí ẹ wá. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í tàn kiri, ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ, ó lè ju mítà mẹ́ta lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti gbà á. Báńkì Àgbáyé ti ń polongo rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, India ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbìn ín ní ìlà tó dábùú ojú ògiri, ẹ má gbìn ín láti òkè wá sísàlẹ̀. Kí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí wọ́n lè so pọ̀ bí ọgbà tí wọ́n bá dàgbà. Ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 20 kí ẹ tó gbìn ín. Oṣù Karùn-ún ni, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àárín ìlà sí ìlà, ẹ fi koríko tó ń rá mọ́lẹ̀ bò ó, irú èyí tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹran máa jẹ̀ lórí rẹ̀. Pátákò màlúù lè ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́ ní ọjọ́ kan.

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀ (Ìkólé)

Mo ti padà dé o. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti àbúrò mi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìgò ilẹ̀ pupa tí a gbẹ́ lókè oko: nínú sẹ̀ǹtímítà 10, yanrìn jẹ́ 6, erùpẹ̀ kúnná 1 ààbọ̀, amọ̀ 2 ààbọ̀. Ìṣù rẹ̀ tí a gbé sínú ife fọ́ díẹ̀ létí, omi rẹ̀ mọ́. Ìgò ilẹ̀ etí odò, èyí tí a fi dí ibi tó já, erùpẹ̀ kúnná ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀, ewé dúdú léfòó lókè. Ìṣù tirẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi wó palẹ̀ nínú ife. Àbúrò mi kàn ń wò ó, ó ní, "Ohun tí a fi dí omi rèé?"

A sì tú apá kan ibi tí a dí yẹn wò. Àárín àpò yanrìn kan sí èkejì, ọmọ ìka mi wọ̀ ọ́.

Ayẹlẹ̀wò

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa yẹn jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ má wá nǹkan mìíràn. Yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà sìmẹ́ǹtì ló bá a mu.

Gbogbo mítà 12 yẹn, ẹ hú u kúrò pátápátá. Àpò yanrìn, ilẹ̀ dúdú, àfọ́kù sìmẹ́ǹtì, kí gbogbo rẹ̀ jáde títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó le. Ẹ gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí àárín ìdí ògiri, kó jìn tó ìdajì mítà, ibẹ̀ ni ògiri tuntun yóò ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, kí omi má bàa rí ojú ibi tí ilẹ̀ àtijọ́ àti tuntun ti pàdé gbà kọjá. Ibi tí ògiri tuntun máa ti kan ti àtijọ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹ má gé e gbọọrọ bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Ẹ gé e bí àtẹ̀gùn, kí ọ̀kan lè gun orí èkejì.

Ẹ wá da ilẹ̀ sí i ní ìpele-ìpele. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni ìpele kan kí ẹ tó gún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí agbára igi ìlulẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀ bó bá nípọn ju ìyẹn lọ. Ẹ ju òkòtó ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ wò ní gbogbo ìpele. Ẹ gún un títí tí ohùn rẹ̀ á fi yí padà: ilẹ̀ tí kò tíì kì máa ń dún bọ̀ọ̀, èyí tó ti kì máa ń dún gbì gbì, igi á sì máa ta padà sókè. Ẹ fi ọkọ́ họ ojú rẹ̀ kí ẹ tó da ìpele tó kàn lé e.

Kí ojú ògiri dagẹ̀rẹ̀: bó bá ga mítà kan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta mítà méjì. Ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, kí ẹ sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé gíga rẹ̀, nítorí á wálẹ̀.

Bíríkìlà Adó

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò sìmẹ́ǹtì fún yín kí ẹnikẹ́ni má bàa tún pè yín ní iye tí kò tọ́.

Ẹ kò nílò rẹ̀ nínú gbogbo ara ògiri. Awọ tó kọ sí odò nìkan ni, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Pẹ̀lú bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ yẹn, ojú ògiri láti òkè dé ẹsẹ̀ á gùn tó mítà mẹ́ta lé díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 12, kí ẹ tún fi ìnípọn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ bíi mítà kúbìkì 12 (mítà kúbìkì kan ni ohun tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan). Mítà kúbìkì kan ilẹ̀ pupa tó kì wọn bíi kílò 1,800. Bó bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ni sìmẹ́ǹtì, á tó kílò 90 fún mítà kúbìkì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ àpò 22. Tí ẹ bá fẹ́ fi bo mítà 60 pátá, á lé ní 100 àpò, èmi kò sì rí ìdí tí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyókù kò yọ omi. Koríko á tó o.

Má gba ìdá 5 yẹn gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ po ìdá 3, ìdá 5 àti ìdá 7, ẹ fi agolo mílíìkì gún wọn bíi búlọ́ọ̀kù kékeré, ẹ fi àpò tútù bò wọ́n fún ọjọ́ 7, ẹ wá rì wọ́n sínú omi di ọjọ́ kejì. Èyí tó kéré jù lọ nínú àwọn tó dúró ni kí ẹ lò.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ilẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ pò ní gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba, kí ẹ tó wọ́n omi. Láti ìgbà tí omi bá ti kàn án, wákàtí méjì lẹ ní láti gún un parí. Ẹ má po ju èyí tí ọwọ́ yín ká lọ. Bó bá kọjá àkókò yẹn, ẹ má bomi lé e pò padà. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é, ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa tutù fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà dán irú èyí wò létí adágún Bonny ní Colorado ní 1951, ní ibi tí ìgbì omi ti ń lù ú, ọ̀pọ̀ ìsédò ni wọ́n sì ti fi ṣe é lẹ́yìn náà.

Bàbá Ìlawẹ̀

Ẹ ṣé é, ẹ̀yin ọmọ. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Òkété, akàn àti ikán. Ní ọdún tí ògiri adágún tèmi wó, òkété ló wó o. Ojú ihò kan wà níhà omi, èkejì wà níhà oko, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó yá ẹranko lára, nígbà tí omi ga ó dé ojú ihò, ó gba inú rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa rìn yí ògiri ká, kí koríko tó wà lórí rẹ̀ kúrú kí ẹ lè ríhò. Bí ẹ bá rí i, ẹ má kàn fi òkúta dí ojú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ tẹ̀ lé e títí dé òpin, ẹ wá fi ilẹ̀ kún un, ẹ máa gún un bí ẹ ṣe ń kún un.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé ilẹ̀ ọ̀gán dára. Ó dára lóòótọ́, òun la fi ń ṣe ilẹ̀ ilé láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gán tí ikán ti kúrò ni, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú ife bí ẹ ṣe yẹ ìyókù wò. Bí ọ̀gán bá wá hù lórí ògiri gan-an, ìlú wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ hú u tìdítìdí.

Ọmọ Etí Ùrèjé

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀rù ohun kan ń bà mí nínú ọ̀rọ̀ yìí: gbogbo yín ń sọ bí ògiri á ṣe le, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí omi máa gbà bó bá ga ju ògiri lọ. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí a kò tilẹ̀ gbà fún un, ó ṣì lè gun orí ògiri. Omi tó bá ti gun orí ògiri ilẹ̀, ó ń gé e láti ẹ̀yìn ni, kì í pẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ní Borno ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Ọ̀pọ̀ wa rí àwòrán rẹ̀.

Ní ìparí ògiri, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ilẹ̀ àdánidá, ẹ gé ojú ọ̀nà kan tó fẹ̀, tó relẹ̀ ju ṣóńṣó ògiri lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán. Ẹ to òkúta sí i, ẹ gbin koríko sí àárín òkúta. Kí omi gba ibẹ̀ lọ sí ibi tí kò ní ba oko ẹnikẹ́ni jẹ́, kí ẹ sì bá ẹni tó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gé e. Bí òjò bá pọ̀ jù lọ́dún kan, ẹ lè pàdánù ìrẹsì díẹ̀, ògiri á wà.

Olùkọ́ni Àgbẹ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí láìmù fún àwọn mìíràn tó ń ka èyí, tí amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ tiwọn. Láìmù tí a ń dà sínú adágún ẹja fún ìtọ́jú omi, òkúta ẹfun lílọ̀ lásán ni, kò lè mú ilẹ̀ le. Èyí tí wọ́n ti jó nínú iná ló ń ṣiṣẹ́. Ìdá 3 sí 6 nínú 100 ló sábà máa ń tó, ẹ po ó mọ́ amọ̀ tútù, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́ tẹ́lẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ tún un pò, kí ẹ tó gún un. Ó máa ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú àti imú, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tó ní ẹja, láìmù tàbí sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń mú kí omi korò fún ẹja. Ẹ jẹ́ kí omi wọlé kó jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó kó ọmọ ẹja sí i.

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀ (Ìkólé)

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá sọ ibi tí a dé.

Búlọ́ọ̀kù oní-ìdá 3 yọ́ létí nínú omi. Ti ìdá 5 dúró, mo fi èékánná ha á, kò bọ́. Ti ìdá 7 náà dúró, a fi owó rẹ̀ pamọ́. Ìyá wa ní Ìgbẹ́mọ, a wá kó àpò eérú mẹ́rin, ẹ ṣeun mà. A fi í dán búlọ́ọ̀kù mìíràn wò, wọ́n ṣì wà lábẹ́ àpò tútù, n ó jíṣẹ́ wọn fún yín.

A ti hú mítà 12 yẹn dé ilẹ̀ líle. Ọkùnrin mẹ́fà ló ń gún un, a ti ṣe ìpele mẹ́jọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ gbẹ jù, a wọ́n omi sí i lálẹ́, a fi tapólì bò ó mọ́jú, àárọ̀ ọjọ́ kejì òkòtó rẹ̀ fọ́ sí mẹ́rin. Ohùn tí Ayẹlẹ̀wò sọ yẹn, mo ti gbọ́ ọ báyìí. Àwọn ọmọ tó ń gún un kì í dúró mọ́ kí n tó ní kí wọ́n dúró, etí wọn ló ń sọ fún wọn. Ihò òkété méjì la bá nínú ìyókù ògiri, ọ̀kan jìn ju apá mi lọ. A gbẹ́ ẹ dé òpin.

Ibi tí omi ti ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ògiri, yanrìn àti òkúta ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́. Omi ṣì ń jáde. Mo bu ú sínú ife lálẹ́ àná, mo gbé e sójú fèrèsé. Láàárọ̀ yìí, mo gbé ife náà sókè sí oòrùn, mo wo ìdí rẹ̀. Ó mọ́.

Ó ku koríko vetiver. Ìlà mẹ́ta la fẹ́ gbìn sí mítà 12 yẹn, mo ṣírò rẹ̀ sí bíi 300. Ta ló ní in nítòsí?

Olùkọ́ni Àgbẹ̀

Mo ní in lẹ́yìn ilé. Ẹ wá ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn òjò kejì tàbí ìkẹta, ẹ mú ṣọ́bìrì àti àpò tútù dání.